Okùn Kò Já, Ẹrù Ló Sún

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ọkọ̀ ẹrù náà, nítorí ohun tó ń bọ́ni yẹ ní kíkí. Kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀ àti ara líle. Táyà rẹ kò ní bẹ́ lójú ọ̀nà, bíréèkì rẹ kò ní kọ̀ fún ọ, o ò sì ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín sí i, mo ti fi sí i.

Àlàáfíà la wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lábẹ́ rẹ̀, a gbé garawa síbẹ̀, garawa ò sì ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá rẹ ni fóònù tí o rà fún wa, ọ̀rọ̀ fóònù ọ̀hún ló sì bí ìwé yìí, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí kó o kà á dáadáa, má kà á lórí ìrìn.

Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé lo ti ń pè wá tí ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ẹ̀bi mi kọ́. Ìwọ lo fi àwòrán ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gbé fún ọ níbi iṣẹ́ ránṣẹ́ sínú fóònù, pẹ̀lú páìpù irin rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀, o ní Ọjọ́bọ̀ lo máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Inú mi dùn, mo fi han bárbà, mo fi han olùkọ́ tó ń gbé lójúkojú wa. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, mo mọ̀ pé irin kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun ní ìdagẹ̀rẹ̀. Mo bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo tẹ́ fóònù lé e gbalaja, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e sókè títí ọkọ̀ yóò fi débi tó ń lọ láyọ̀. Nígbàkígbà tí o bá pè, a máa ń dúró yí tábìlì ká, ìyá rẹ a sì máa dáhùn láti ibi tó dúró sí pé a wà dáadáa, ẹ ṣé o. Bóyá o gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ ní eruku ti bo fóònù. Kí n tó wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbé e sókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, ó nù ún, ó sì dá a padà sórí aṣọ bíi pé kò sí nǹkan kan. Mo wo ojú fóònù, mo rí i pé ọkọ̀ rẹ ti fi imú gúnlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Mo bi ìyá rẹ bóyá ó mọ ohun tó ṣe sí ọmọ ẹ̀, ó ní eruku lòun nù.

Mo ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ fóònù, mo ní kó wá bá wa nílé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní àwòrán ló máa ń yí ara rẹ̀ bí èèyàn bá yí fóònù, ó fi ìka kan tẹ ibì kan, ọkọ̀ sì dìde dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Láyé tiwa, ogún ọkùnrin ni yóò wá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dìde, wọ́n á sì ṣe é di ọjọ́ kejì. Ó ní kí n má dààmú, pé àwòrán lásán ni. Mo ní mo ti gbọ́. Bó ṣe jáde, mo tún aṣọ tẹ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kí ó tó gbé ọkọ̀ náà dìde, mo ti wò ó dáadáa níbi tó fi imú gúnlẹ̀ sí. Ọmọ mi, bí o bá tẹ bíréèkì lójijì lórí òkè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí lójú ẹrù. Mo rí àlàfo láàárín orí páìpù àti ẹ̀yìn ìjókòó rẹ. Kò ju gígùn apá kan lọ. Gbogbo okùn rẹ gba àárín kọjá, kò sí ohun kankan tó dí àlàfo yẹn.

O kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé kí n má ṣèyọnu, pé mánéjà ti gbé fọ́ọ̀mù fún ọ, o sì ti buwọ́ lù ú pé ẹrù dúró ṣinṣin. Mo fi gíláàsì olùkọ́ wá fọ́ọ̀mù náà kiri ara ẹrù láti òkè délẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n so ó mọ́. Mi ò bá ìwé jà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí bébà tó di irin mú.

Ìyá rẹ ní kí n lọ fi fóònù olùkọ́ pè ọ́ kíákíá. Mo kọ̀, kì í ṣe agídí. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ẹnu mi kò lè gbé e, ọwọ́ nìkan ló lè kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ òsì mi tó ń tiro, mo sọ fún ọ pé orí àkàsọ̀ ni mo ti já bọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ awakọ̀, Rọra là ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ wakọ̀ tó o, kẹ̀kẹ́ pàápàá a máa yà á sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan pákó la kó, èmi ni mo sì dì í. Òjò ti ṣú, mo ń kánjú, mo bá fi àlàfo sílẹ̀ níwájú, kò ju gígùn apá kan lọ. Rọra bi mí bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn pé okùn tèmi kì í já. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà, Rọra tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró, ẹrù kò dúró. Nígbà tí wọ́n yẹ okùn wò, kò sí ọ̀kan tó já nínú rẹ̀, pákó kàn yọ láàárín wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ nínú bàtà, ó sì ya wọ ibi tí a jókòó sí níwájú. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọra, ẹsẹ̀ ló mú. Rọra kò bá wa sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ewúrẹ́ náà rìn lọ.

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Okùn-kì-í-já. Wọ́n rò pé wọ́n ń yìn mí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín dá wọn lóhùn, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìmọ̀ràn, àṣẹ bàbá ni. Tú ẹrù yẹn. Jẹ́ kí wọ́n tì í síwájú kó fara kan pátákó iwájú tó wà lẹ́yìn ìjókòó rẹ, bí wọ́n bá sì ní ìwọ̀n ọkọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀, fi igi líle dí àlàfo náà pátápátá. Fi igi há ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí páìpù má lè yí, kó o wá dì í lókè, kó o sì dì í níwájú. Bí o bá wa ọkọ̀ díẹ̀, dúró, sọ̀ kalẹ̀, fọwọ́ kan okùn, nítorí ẹrù máa ń jókòó lójú ọ̀nà, okùn á sì dẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mánéjà bá ní o ń fi àkókò ṣòfò, bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó níwájú pẹ̀lú rẹ, kí páìpù wà lẹ́yìn ọrùn òun náà. Á fún ọ láyè.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, mo mọ̀ pé o ti ń wá a láti òkè ìwé. Òrùlé ń jò, ìyá rẹ nílò gíláàsì, bàtà mi ti la ẹnu. Ṣírò gbogbo rẹ̀, kó o kó o jọ, má sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra bẹ́líìtì ẹrù tuntun, kó o ra igi. Garawa lè gba omi òjò dúró fún wa, kò sí ohun tí mo lè gbé sí ipò ọmọ.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn yóò ṣọ́ ìwọ tó ń wakọ̀. Òkè tí o bá gùn, wàá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ, wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ sin èmi àti ìyá rẹ nígbà tí a bá darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mú ìwé yìí wá kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ títí wàá fi kà á tán, mo ti bá a sọ ọ́. Bí o bá di ẹrù náà tán, ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi fúnra mi ni màá dorí fóònù kodò. Bí páìpù kò bá sún, màá gbé ìpè rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Okùn-kì-í-já.