Oúnjẹ Àwọn Ọmọdé Níbi Ìgbéyàwó Ọmọ Mi

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọkùnrin mi ń gbéyàwó ní Sátidé. Ó ní àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ jẹun títí bàbá ìyàwó yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Bàbá tó jẹ́ pé bó bá kí èèyàn lásán, ọbẹ̀ á ti tutù! Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ra pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mèremère fún wọn." Ṣé pẹ́ńsùlù ni wọ́n máa jẹ ni?

Mo wá pinnu láti gbé ìrẹsì pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, kí n máa yọ́ bọ́ wọn. Àṣé ìyàwó ti gbọ́. Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu tèmi mọ́ ọn."

Bọ́mọ mi bá wẹ̀gbẹ́ tí kò rí ìyàwó, kí ni kí n wí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o.