Kọ́kọ́rọ́ Kànga Ilé Wa ní Tákíè

Ní àràárọ̀, kí oòrùn tó yọ, mo máa ń gbé garawa mi lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ní Ọ̀yọ́. Mo máa ń tò sí ẹ̀yìn. N kì í bá ẹnikẹ́ni du iwájú. Bí mo bá délé, n ó bu ife kan fún ojú àti ẹnu, ife méjì fún ògì, ife mẹ́fà fún ìwẹ̀. N ó fi àwo bo ìyókù, n ó sì gbé òkúta lé àwo náà nítorí àwọn adìyẹ ìyá onílé. Ìyókù yẹn ni n ó fi fọ abọ́ kan àti aṣọ kan, òun náà ni n ó máa mu títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó lè pín garawa omi kan fún odidi ọjọ́ láìsí ìjà, orí rẹ̀ pé.

Nítorí náà, èmi, Rèbékà Àmọ̀kẹ́ Ọládépò, ọmọ ọdún méjìlélógún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, kéde pé ọpọlọ mi dá ṣáṣá, ara mi le, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi kọ ìwé ìhágún yìí.

N kò retí ikú. Bàbá mi, Nùrẹ́nì Ọládépò, káfíńtà, kò retí rẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ó wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ra pákó ní Ọ̀yọ́. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ ìwé ìhágún ń pe ikú ni. Kò pè é, ikú wá. Ohun tí àwọn àgbà ilé ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni ó mú mi kọ tèmi.

1. Mo yan Ọ̀gbẹ́ni Mátíù Ọláníyì, akọ̀wé ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, láti mú ìwé yìí ṣẹ. Òun nìkan ni ó máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. N kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un, nítorí òun náà ni ó kọ́ mi pé ẹlẹ́rìí kì í jogún.

2. Ìdajì ilé bàbá mi ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n pín fún mi, mo fi í sílẹ̀ fún Marufat, ẹ̀gbọ́n mi, àti àwọn àbúrò rẹ̀ márùn-ún, kí wọ́n pín in ní orí-ó-jorí. Bàbá mi kékeré, Bàbá Kareem, kò gbọdọ̀ ní yàrá kan níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ìṣó kan.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyá mi kú lọ́sẹ̀ tí ó bí mi. Marufat fi oṣù mẹ́ta jù mí lọ. Ìyá rẹ̀ fún un ní ọmú kan, ó sì fún mi ní ìkejì. Nígbà tí bàbá wa kú, Bàbá Kareem ní ìdí-igi ni a ó fi pín ilé: ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, ìdajì kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan gba ìdajì. Àwọn mẹ́fà pín ìdajì. Mo rò pé wọ́n ṣàánú ọmọ aláìníyàá ni. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ tí Bàbá Kareem ń sọ fún àwọn àgbà yòókù lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, kò lọ́kọ, kò bímọ. Igi tí kò bá so, ẹbí ló ni ilẹ̀ ẹ̀." Wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Àánú náà rí mi lára bí ẹran tó ti bàjẹ́ tí a fi ata bò.

3. Ìdajì tábìlì iṣẹ́ bàbá mi, mo fi í sílẹ̀ fún Abdulqoyum, àbúrò Marufat, tí òun náà ti di káfíńtà, kí ó so ó pọ̀ mọ́ ìdajì tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ayùn àti ìfági bàbá wa, tirẹ̀ ni pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní ohun kankan kò gbọdọ̀ kù láìpín. Wọ́n mú ayùn bàbá mi gan-an, wọ́n fi gé tábìlì tí ó fi bọ́ gbogbo wa sí méjì. Ẹsẹ̀ méjì ló kù fún ìdajì kọ̀ọ̀kan. Kò lè dúró. Wọ́n wá mọ ògiri búlọ́ọ̀kù sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ. Ìdajì tèmi fẹ̀yìn ti ògiri náà níhìn-ín, tiwọn fẹ̀yìn ti í lọ́hùn-ún. Ilé ìdáná bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kànga bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Wọ́n pa àgbò, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní àlàáfíà ti dé.

4. Ewúrẹ́ mi tó wà ní Tákíè, kí Marufat mú un. Ewúrẹ́ yìí nìkan ni kò gba ìpín náà gbọ́. Ó máa ń yí ẹ̀yìn ilé lọ jẹ èèpo iṣu lọ́dọ̀ wọn, á sì padà wá sùn lẹ́nu ọ̀nà mi.

5. Àròkọ mi, ojú ewé mọ́kànlá, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, kí ó wà ní ilé ìkàwé, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ yóò ti rí i kà.

Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé ni ó kọ́ wa bí ènìyàn ṣe ń dàgbà. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ọwọ́ ń kọ́ ni bóyá ọwọ́ tó gbé òun kò ní ju òun sílẹ̀. Bí ó bá rìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Tèmi ni!" Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ láti bá ẹgbẹ́ ṣeré, kí ó bá wọn ṣiṣẹ́. Bí ó bá dàgbà tán, àníyàn rẹ̀ á di ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn oníjà dàgbà dé, àti pé orílẹ̀-èdè pàápàá ń dàgbà bẹ́ẹ̀. Mo gba ẹ̀kọ́ náà gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́. Mo kọ àròkọ fún un nípa ilé wa: pé àwọn tó yẹ kó máa ṣàníyàn ọmọ ni wọ́n ṣì ń pariwo "Tèmi ni," àti pé orílẹ̀-èdè tó bá gé ara rẹ̀ bí tábìlì bàbá mi, kò ní sí apá tí yóò lè dá dúró.

Nínú oṣù kẹjọ, àwọn àlejò ìjọba wá sí gbọ̀ngàn wa lórí ọ̀rọ̀ pípín ìpínlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àròkọ mi bí ìwádìí tirẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, ó yí i padà. Ó ní ògiri náà ni ó mú àlàáfíà wá, àti pé inú ọmọbìnrin tó gba ìdajì dùn gidigidi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń wo bàtà mi. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń pín bisikíìtì. "Rèbékà, o gbìyànjú o," ó ní, "ọ̀rọ̀ ẹ wúlò fún wa." Mo kọjá láìgba bisikíìtì.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Bàbá Kareem rà á, ó ní èmi ni mo sọ pé inú mi dùn sí ògiri náà, wọ́n sì gbé e kiri Tákíè. Ìyá Bushrah, ìyá onílé mi, tí ó máa ń lọ tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni Marufat rán sí mi: "Ẹ bá mi sọ fún Rèbékà pé a ti ka ìwé ẹ̀. Kó máa mumi ẹ̀ lọ."

6. Kọ́kọ́rọ́ kànga, mo fi í sílẹ̀ fún Ìyá Marufat.

Lójú gbogbo ẹbí ni Bàbá Kareem ti fi àgádágodo ti kànga náà, tí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò dára. Ojú ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ ṣeun, sà," mo sì gbé e wá sí Ọ̀yọ́. Oṣù mẹ́rìnlá nìyẹn. Obìnrin tó fún mi lọ́mú, tí orúnkún ń dùn, ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ọkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń rí mi lára, ọwọ́ mi yìí ni ó rí mi lára jù.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1988.
Rèbékà Àmọ̀kẹ́ Ọládépò

Ẹlẹ́rìí: Mátíù Ọláníyì
Ẹlẹ́rìí: Sìkírátù, Ìyá Bushrah (ó tẹ̀ka)

Àfikún, lọ́jọ́ kan náà, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Mátíù kà á dé ìparí, ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Rèbékà, ṣé ìyá yẹn á wá máa retí kóo kú kí wọ́n tó rómi mu ni?"

Ìyá Bushrah pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹni àádọ́ta ọdún! Ìwọ àti àwọn, ta ni yóò sin ta?"

Mo ti fa igi lé ẹ̀ka kẹfà. Ìyókù dúró bí ó ṣe wà.

Lọ́la, n ó wọ mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́kọ́rọ́ á wà ní ìdí ìró mi, àròkọ mi á wà nínú báàgì. N ó ṣí kànga. N ó pọn garawa kan, n ó rù ú yí ẹ̀yìn ilé lọ bí ewúrẹ́ mi ṣe ń ṣe, n ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Marufat, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun.