Ìwé Àdéhùn Tí Alága Wa Ò Rí

Ọmọ mi, Akàwé-gbàgbé-oúnjẹ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń sùn dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo sanwó rẹ̀? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà le, bàbá rẹ sì ń kí ọ.

Fọ́ọ̀mù owó iléèwé ọdún kejì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo ti pinnu pé kí o fi ìtàn ọgbọ́n ìṣèlú àwọn òyìnbó yẹn sílẹ̀, kí o lọ kọ́ ìṣirò owó. Mo ka orúkọ àwọn olùkọ́ yín nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí o gbàgbé sílé. Mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì ti kú, ti ẹni àkọ́kọ́ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ta wá ni à ń sanwó oṣù fún?

Ṣùgbọ́n mo rí ibì kan tí o fa ìlà pupa sí, pé àdéhùn ló wà láàárín olórí àti àwọn tí ó ń darí, bí olórí bá sì yẹ àdéhùn, wọ́n lè yọ ọ́. Mo mú un lọ sípàdé ẹgbẹ́ aránṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. O mọ alága wa, Bàbá Onísísọ́ọ̀sì, ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé lórí àga, a ò sì tíì rí iná tó ní òun máa fà wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Mo dìde, mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé àdéhùn wa jáde, ká wo ohun tí a jọ fọwọ́ sí."

Ọmọ mi, ó wá a. Ó tú dúrọ́ọ̀, ó wo abẹ́ àga, ó ní kí akọ̀wé sáré lọ wo inú àpótí nílé. Akọ̀wé padà dé, ó ní ó jọ pé eku ti jẹ ẹ́. Ìyá tó ń lọ aṣọ fún wa ní bí kò bá sí ìwé, a jẹ́ pé kò sí alága nìyẹn. A dìbò lójú ẹsẹ̀. Nínú àwa méjìlélógójì, mẹ́tàdínlógójì nawọ́ fún mi, títí kan ọwọ́ tèmi.

Nítorí náà, má fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀. Mo ti sanwó, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yìí. Òkú tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, owó oṣù tọ́ sí i.

Ohun kan ló kù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ èmi náà kí n máa tú dúrọ́ọ̀. Lọ sí ọ́fíìsì iléèwé yín, gba àdéhùn tí àwọn olùkọ́ yín sọ yẹn, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjìlélógójì, kí o sì fi owó díẹ̀ tì í lẹ́yìn nínú owó àpò rẹ, torí a bá àpò ẹgbẹ́ lófìfo. Ojú ewé tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń yọ olórí, fò ó. Bébà ti wọ́n. Ìyá tó ń lọ aṣọ ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti yá ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, mo ní mi ò mọ ibi tó wà.

Ọgbọ́n àwọn olùkọ́ rẹ á bà lé ọ, ikú wọn ò ní mọ ilé rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alága.