Sàárà Ìyá Wa ní Èbúté

Màámi ọ̀wọ́n,

Mi ò ní kí yín títí. Inú ń bí mi sí yín, ẹ jẹ́ n yáa sọ ọ́.

Nílé ìwòsàn tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ la fi ń tọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn ti di bárakú fún. Òun náà ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Rìsí àbúrò mi ń pè mí ní Dókítà kiri, bẹ́ẹ̀ mi ò gún ẹnì kan lábẹ́rẹ́ rí.

Ogún ọdún lẹ fi ta paraga ní Èbúté. Ẹ ní àgbo jẹ̀dí ni. Irọ́ gbuu! Ṣé gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ni jẹ̀dí máa ń mú kílẹ̀ tó mọ́? Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ọmọ ilé kéwú, ẹ ó kírun tán, ẹ ó tún fi ṣíbí tọ́ ọtí wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kò tiẹ̀ tì yín lójú? Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé owó paraga yẹn lẹ fi rán mi níwèé. Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára.

Bọ̀dá kan tó ń wa yanrìn wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fẹnu kan ọtí. Kò lè sá fún Èbúté, ibẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀ wà, ìsọ̀ yín ló sì ń bà á lẹ́rù jù. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í na èèyàn, a kì í dè é mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń kọ́ ọ kó lè kọjá níwájú ohun tó ń pè é, kó má sì dá a lóhùn. Mo ṣèlérí fún bọ̀dá náà pé a jọ máa kọjá níwájú ìsọ̀ yín ni. Mi ò sọ fún un pé ọmọ yín ni mí. Ojú ń tì mí.

Lánàá, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nígbà tí Rìsí, tó jókòó sáyè yín látìgbà tí ẹ ti lọ, rí mi. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní àlejò Dókítà ò gbọdọ̀ kọjá lásán. Ó bu ife kan kún, ó ní sàárà ìyá wa ni. Sàárà! Ẹ wo ohun tí ẹ fi kọ́ ọmọ!

Bọ̀dá yẹn wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí lẹ́nu mi. Ká ní mo sọ pé kì í mu ún ni, Rìsí ì bá gbà á padà. Èmi tí mò ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan, ìtìjú ara mi ni mò ń rò, pé ó ti wá mọ̀ báyìí pé ọmọ ẹni tó sọ ọ́ di ọ̀mùtí ni mo jẹ́. Ẹnu mi ò là. Ó di ife mú, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fi yín sí Àlùjánnà. Èmi àti Rìsí ṣe àmín, ó sì dà á mì.

Òní ló yẹ kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo dúró títí, mi ò rí i. Màámi, kí ni kí n ṣe?

Èmi ọmọ yín tí kò lè kórìíra yín.