Orúkọ Ìyá Rẹ Ni Mo Ń Bèèrè

                                        Yàrá Ìwé Àtijọ́,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ilé Ìkàwé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Eléyinjú,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà bíi pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́ ọ? Ìyàwó ọmọ rẹ tó o ní kò mọ ènìyàn kí ńkọ́, ṣé ó ti ń kí ọ báyìí, àbí ìwọ lo ń kí i? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ẹ̀yìn ló ń ro mí díẹ̀, wàá sì mọ ohun tó fà á kí o tó ka ìwé yìí tán.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì ni inú wá bí mi. O ní kí n jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán àti lẹ́tà àtijọ́ tí mo ń tọ́jú, pé mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọ̀yá ìjà. Mo fara mọ́ ìyẹn díẹ̀. Ṣùgbọ́n o tún wá kọ ọ́ pé ta ló fẹ́ wo àwòrán obìnrin tó ń fọ aṣọ aláṣọ. Èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ wò ó. Mo ti dá ọ lóhùn ná. Wá jókòó dáadáa kí n rò fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má di agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.

O ṣáà mọ yàrá yìí. Pákó ni wọ́n fi kan ògiri rẹ̀ yí ká, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn sì kọjú sí ìsọ̀ télọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, bí àgbàlagbà kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé páálí bàtà tàbí agolo bisikíìtì wá, àwòrán àti lẹ́tà á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kì í ṣe ti àwọn ènìyàn ńlá o. Bírikìlà ni, àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì ni, nọ́ọ̀sì ni, olùṣọ́ ojú irin ni. Bí wọ́n ṣe gbé ayé àdúgbò yìí ló wà níbẹ̀, títí kan ẹni tó yá bàtà ẹlòmíì kó tó lọ sílé ayàwòrán.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé. Tábìlì-Mọ́ là ń pè é lẹ́yìn, torí kálàmù kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì rẹ̀. Ó wọ yàrá mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ní ibẹ̀ á dára fún yàrá àlejò. Ó ní àwòrán àwọn alága tó ń gé rìbọ́nù á lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n gbogbo àwòrán tí kò bá ní orúkọ lẹ́yìn, ìdọ̀tí ni. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló sọ ọ́. Ó ní ọkọ̀ akódọ̀tí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bi í pé ṣé ẹni tí kò gé rìbọ́nù rí kò gbé ayé ni. Ó ní orúkọ ni kí n mú wá.

Eléyinjú, níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù, torí ẹ̀bi mi ni. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mi yá níṣẹ́. Mo tú gbogbo páálí wọ̀nyẹn palẹ̀. Mo yọ àwòrán kúrò lára lẹ́tà, mo to àwòrán sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí, mo to lẹ́tà sọ́tọ̀ bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Àwọn pínnì tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ti dípẹtà, ni mo bá yọ wọ́n, mo dà wọ́n sínú agolo mílíìkì. Gbogbo ènìyàn yìn mí. Èmi náà yin ara mi. Mi ò mọ̀ pé àwọn ará ìgbà yẹn kì í kọ orúkọ sẹ́yìn àwòrán. Kí ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ ṣe? Inú lẹ́tà ni wọ́n ti ń sọ pé èmi ni mo wà lápá òsì, lágbájá ló dúró tì mí. Mo fọwọ́ ara mi ya ojú kúrò lára orúkọ, mo sì pè é ní ìmọ́tótó. Mo bú Tábìlì-Mọ́ títí, ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tábìlì mọ́ nínú yàrá yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo kó àwòrán sórí tábìlì kan, mo kó lẹ́tà sórí èkejì, mo jókòó sáàárín, mo sì sunkún. Mi ò tijú àtisọ ọ́. Bí télọ̀ tó kọjú sí wa ṣe wọlé nìyẹn, ó wá bu omi mu. Má-Fà-Á-Ya ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá yẹn, torí ohun tó máa ń pariwo nìyẹn bí o bá ti fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Ó ní kí ló dé. Mo rò fún un. Kò kí mi pẹ̀lẹ́ rárá. Ó mú àwòrán kan, ó sún un mọ́ ojú, ó ní, "Ta ló gún èyí ní pínnì?"

Mo wò ó. Ihò kékeré méjì ni, wọ́n pọ́n rúsúrúsú níbi tí ìpẹtà ti mu bébà. Ó mú lẹ́tà kan, ihò méjì wà lórí ìyẹn náà. Ó ní bí apá aṣọ bá já kúrò lára aṣọ, ṣebí ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbà ni télọ̀ ń wò kó tó mọ aṣọ tó ni ín. Ó ní pínnì tí wọ́n fọwọ́ gún, kò sí méjì tó máa ń bọ́ sójú kan náà. A gbé àwòrán yẹn lé lẹ́tà bí ogójì, kò bá ìkankan mu. Nígbà tó yá, a gbé e lé ọ̀kan, ó gbé méjèèjì sókè síbi fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì gba ihò méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo pariwo! Akọ̀wé ìsàlẹ̀ sáré gòkè pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó rò pé ejò ni.

Bírikìlà kan ló kọ lẹ́tà yẹn sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo di ṣọ́bìrì mú yẹn. Má fi ṣòkòtò yẹn rẹ́rìn-ín, kì í ṣe tèmi." Ó wá kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tó máa ń hanrun nínú wọn. Mo wo ṣòkòtò náà. Ọ̀rẹ́ mi, ó yẹ ní ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti aago méjọ àárọ̀ títí tí agbálẹ̀ á fi wá kan ilẹ̀kùn, ìdúró ni, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ti ń ro mí. Má-Fà-Á-Ya pa aṣọ oníbàárà tì. Ọ̀kan nínú wọn wá bú u dé yàrá mi, pé ọ̀la lòun fẹ́ wọ aṣọ òun. Má-Fà-Á-Ya kó lẹ́tà lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun dì í mú ná kó tó parí èébú rẹ̀. Obìnrin yẹn kò lọ mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òun ló wá bá wa rí gbogbo ti ilé búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akódọ̀tí dé lóòótọ́. Mo gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó. Má-Fà-Á-Ya dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ní òwú lòun ń gé. Tábìlì-Mọ́ gòkè wá, ó ní kí n dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní dìde. Orúkọ lẹ ní kí n mú wá, orúkọ rèé." Ó rò pé eré ni. Ó na ọwọ́ kọjá orí mi, ó fa àwòrán kan yọ nínú páálí tó wà lẹ́yìn mi, obìnrin kan tó dúró ti ààrò búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n na lẹ́tà rẹ̀ sí mi, mo gbé méjèèjì lé ara wọn, mo gbé e fún un, mo ní kó gbé e sókè síbi fèrèsé. Ó gbé e sókè. Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Ó ka lẹ́tà náà, ó bi mí bóyá obìnrin yìí ní ẹbí. Mo ní ìdajì àdúgbò ni. Àwọn tó fẹ́ kó páálí náà ti gòkè wá, dípò kí wọ́n kó o, wọ́n ń bi wá bóyá olùṣọ́ ojú irin kan báyìí wà níbẹ̀.

Ó ní ó dára, àwọn tó ti ní orúkọ ò ní kúrò, òun á wá ibòmíì fún àlejò. Ṣùgbọ́n bí oṣù yìí bá parí, gbogbo èyí tí kò bá lórúkọ á lọ. Mi ò dúpẹ́. Mo ní a ó jọ rí i.

Èyí tó ṣẹ́kù kò pé mẹ́wàá. Ìyá rẹ wà nínú wọn.

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti yà á. Àwọn obìnrin márùn-ún ni, aṣọ ìbusùn funfun wà lórí okùn lẹ́yìn wọn. Ìyá rẹ ló wà láàárín, ó ká apá aṣọ sókè, ó di áyọ́ọ̀nù mú bíi pé ó fẹ́ jù ú lu ayàwòrán. Ojú rẹ yìí gan-an ló wà lójú rẹ̀. Ihò pínnì méjì wà lókè àwòrán náà. Mo gbé e lé gbogbo lẹ́tà tó wà nínú yàrá yìí, kò bá ìkankan mu. Ìgbà náà ni mo rántí pé nígbà tí o gbé agolo màmá wá lẹ́yìn ìsìnkú, o kọ́kọ́ yọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀, o fi í sínú báàgì rẹ, o ní tìrẹ nìyẹn.

Mo ní kò burú, kí n bèèrè orúkọ màmá rẹ láàárín àdúgbò. Má-Fà-Á-Ya ní Ìyá Alágbàfọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìyá Eléyinjú. Obìnrin tó bínú nítorí aṣọ rẹ̀ náà ní Ìyá Alágbàfọ̀. Gbogbo wa la jẹ́ ọmọ ilé ire, ọmọ ilé ire kì í pe àgbà lórúkọ, ìwà rere wa sì ti gbé orúkọ wọn mì pátápátá. Tábìlì-Mọ́ ní Ìyá Alágbàfọ̀ kì í ṣe orúkọ, iṣẹ́ ni. Ó dùn mí pé ó gba ibi kan sọ òótọ́.

Ìwọ mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá mi fi wà ní ọsibítù, tí mo fi ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹnikẹ́ni ò rán màmá rẹ níṣẹ́. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń bọ́ aṣọ ilé ìwé lára mi, tí mo bá jí, á ti mọ́, sítáàṣì á ti mú kọ́là rẹ̀ le gan-gan. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ lára kọ́là mi pé ìyá mi ò sí nílé. Mo jẹ oúnjẹ wọn, mo wọ aṣọ tí wọ́n fọ̀, mo ti di ìyá àgbà báyìí, mi ò mọ orúkọ wọn. Ojú ń tì mí, Eléyinjú. Ohun tó yẹ kó ti ènìyàn lójú nìyẹn, kì í ṣe aṣọ fífọ̀.

Mo mọ̀ pé o ti sọ fún àwọn àna rẹ pé màmá ṣòwò aṣọ. Wọ́n ṣòwò aṣọ lóòótọ́, aṣọ aláṣọ ni. Owó ọṣẹ yẹn ló rán ọ lọ síbi tí o ti rí ọkọ tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà. Mi ò ní tú ọ fó, mi ò sì bèèrè lẹ́tà rẹ. Tìrẹ ni, pa á mọ́. Orúkọ ni mo bèèrè. Ẹnì kan gbé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bí wọn, ó wo ojú yẹn, ó sì pè wọ́n ní nǹkan. Kí ni ó pè wọ́n?

Àwòrán náà wà nínú àpòòwé yìí, pẹ̀lú pínnì kan láti inú agolo mílíìkì mi. Gbé e lé lẹ́tà ọwọ́ rẹ, kí o gbé wọn sókè síbi fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò méjèèjì wọlé, yí àwòrán náà padà, fi ọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ ìyá rẹ sí i, kí o sì dá a padà kó tó di ìparí oṣù. Bí o bá kọ̀, màá tún gbé àga mi sẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ akódọ̀tí á kọ́kọ́ gbé mi ná. O lè fà á ya o, mo mọ̀. Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, torí ìyá rẹ ni, àti torí pé mo mọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, ní kó rọra. Kí àwọn ọmọ. Má-Fà-Á-Ya ní kí n kí ọ, ó ní o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tó máa sọ fún ọ bí o bá fà á ya, torí o mọ orúkọ rẹ̀. Fi àwòrán náà han ìyàwó ọmọ rẹ kí o tó dá a padà. Bóyá bó bá rí áyọ́ọ̀nù yẹn, á mọ ènìyàn kí.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí ìyá rẹ fọ kọ́là rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n,

Olóríkunkun.