Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Òpùrọ́ Gbè Mí Lẹ́yìn

Ìyá mi, ẹ bá mi jó o! Mo ti ríṣẹ́ ọdẹ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan!

Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mú òpùrọ́ ni wọ́n fi dán àwa tó wá wáṣẹ́ wò. Wọ́n so okùn mọ́ mi láyà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jalè rí. Mo ní rárá, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni, àmọ́ àyà mi ń lù kìkì, ẹ̀rọ bá ta gìrì bí ẹni tí agbọ́n ta!

Ọ̀gá tó ń bi mí léèrè wá ní òun máa bi mí ní ohun tó rọrùn kí ara mi lè balẹ̀: ṣé mò ń jẹun dáadáa, ṣé mo nílé tí mò ń sùn. Mo ní, "A dúpẹ́." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun fẹ́ gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún yín lórí fóònù. Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ mira! Ọ̀gá ní ẹ̀rù lásán ló bà mí lẹ́ẹ̀kan, pé olóòótọ́ ni mí.

Yàrá ọdẹ wà lẹ́nu géètì. Mo ti gbé báàgì mi wọlé, ó ní bẹ́ẹ̀dì!

Ẹ bá mi kí Bàbá. Tí Àǹtí bá tún ní mo ti rù nínú fọ́tò, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ti jẹ́rìí: mò ń jẹun dáadáa.