Ta Ni Mo Rí Nídìí Iná ní San Sẹbásítíànì?

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Ó sẹ́! Ojú mi kòrókòró ni ọkọ mi ṣe sẹ́, níwájú ìyá ẹ̀ tó wá kí wa láti Másífà.

Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ látàárọ̀. Bàbá Ràṣídì jókòó, ó ní, "Oúnjẹ ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dáná bí ẹ ṣe ń dáná ní San Sẹbásítíànì." Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. "Èmi? Ta ló rí mi nídìí iná rí?"

Màmá pariwo: "Ọmọ tèmi? Láéláé! Ìyàwó, ibà yìí ti wọ orí ẹ."

Subhanallah! Èmi tí mo lọ kí i ní Sípéènì lọ́jọ́sí tó ń gbé níbẹ̀! Àwọn ọkùnrin Básíkì, ọmọ onílẹ̀ ìlú etí òkun yẹn, ní ẹgbẹ́ tí wọ́n gba ọkọ mi sí, wọ́n ní ilé ìdáná ńlá tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló ń dáná níbẹ̀. Ọkọ mi so aṣọ ìdáná mọ́dìí, ó ń se ẹja pẹ̀lú ọ̀dùnkún, ó ń kọrin. Mo ní kí n bá a gé àlùbọ́sà. Ó ní, "Padà! Obìnrin kì í dé ìdí iná níbí." Àwọn òyìnbó ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Nígbà tí mo bí Ràṣídì, kò gbé omi kaná fún mi.

Màmá, arúgbó, ló padà lọ se ìrẹsì fún un. Ó sì jẹ ẹ́!

Bàbá Ràṣídì, ẹni tó lé mi kúrò nídìí iná lọ́jọ́ náà, ta ni? Ẹ dá mi lóhùn, níwájú ìyá yín!